Àpò ìbọn abẹ́ abíyá: bí ẹ ṣe máa yan èyí tí kò ní ni yín lára

Orí ẹní kan ní Òrò ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, èmi gan-an kò sì sí níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan tí kì í wọ aṣọ iṣẹ́ lọ kí àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó wọ kóòtù, ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò awọ lábẹ́ abíyá òsì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, ìbọn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀: ó bọ́, ó yọ̀ lórí ẹní, ó sì lọ dúró níwájú ẹsẹ̀ bàbá. Kò sí ọta lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó fara pa. Àmọ́ mo gbọ́ pé ìyá ìyàwó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ títí àlejò fi lọ.

Èmi ni mo rán àpò náà.

Bọ́tìnnì onírin tí mo fi sí okùn ẹnu rẹ̀ kò ní agbára tó. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlọrin, ó dúró níwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àwa méjèèjì sì ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró gbọnrangandan látàárọ̀ dalẹ́ nílùú tiwa? À ń dọ̀bálẹ̀, à ń kírun, à ń gun ọ̀kadà, à ń tẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá. Àpò ìbọn tí kò bá le gba gbogbo ìyẹn, kì í ṣe àpò, ohun tí ẹ fi ń ya fọ́tò ni.

Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?

Kí á gbọ́ra wa yé kí ẹnikẹ́ni tó náwó. Nínú òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó ti wà láti 1959, ìpín àwọn ohun ìjà tó jẹ́ èèwọ̀ ni ìbọn ìléwọ́ wà, pẹ̀lú bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta. Láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè, aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní i, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ìbọn tí àwọn ọdẹ wa ń ki ètù sí, ìpín tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi ìyẹn tan ara yín. Àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò tí iṣẹ́ wọn gba aṣọ ilé ni mò ń rán àpò fún, mo sì máa ń rí káàdì kí n tó mú téèpù. Àwọn ọmọ Ọ̀fà àti Ọ̀mù-Àrán tó wà ní Amẹ́ríkà náà máa ń pè mí béèrè ọ̀rọ̀. Tiwọn, òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà, torí ó yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì.

Ṣé èjìká ló yẹ yín àbí ìbàdí?

Ọ̀pọ̀ ló máa ń wá bá mi fún àpò èjìká, ìyẹn ti abẹ́ abíyá tí okùn rẹ̀ ń gba orí èjìká, torí pé wọ́n rí i nínú fíìmù. Mo máa ń bi wọ́n pé: níbo lẹ máa ń jókòó? Ẹni tó ń wa ọ̀gá láti Ìlọrin gba Ìdọ̀fíàn dé Àjàsẹ́ Ìpó, tó tún ṣẹ́rí sí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, ìbọn ìbàdí á máa gún un ní ìgbáròkó, bẹ́líìtì mọ́tò á sì bo ìbọn náà mọ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àpò èjìká dá fún. Ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn kiri Ọjà Ọba látàárọ̀, ìbàdí dára fún un jù.

Ohun kejì ni pé àpò èjìká kò ṣe é wọ̀ láìsí aṣọ òkè. Ẹ kò lè bọ́ kóòtù bí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá mú. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò lè fara da ìyẹn, ẹ tọ́jú owó yín. Ẹni tí èjìká ti yẹ̀ rí, tàbí tí ọrùn máa ń dùn, kí òun náà má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ìwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ gbé

Glock 19, ìbọn ìléwọ́ kan, láìsí ilé ọta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 600 gíráàmù. Tí ilé ọta tó ní ọta 15 bá wà nínú rẹ̀, ó di nǹkan bí 855. Browning Hi-Power, ìbọn àtijọ́ onírin gbọọrọ yẹn, lé ní kílò kan tó bá ti ní ọta nínú. Lójú ẹni tí kò gbé e rí, kí ni kílò kan? Ẹ di iyọ̀ kílò kan sínú ọ̀rá, ẹ fi okùn gbé e kọ́ sábẹ́ abíyá lábẹ́ aṣọ, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di ìrun Àsárì, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ìbọn kékeré ló yẹ kí ẹ bẹ ọ̀gá yín fún. Iyọ̀ yẹn kò ní kí ẹ sanwó fún òun lẹ́ẹ̀mejì, ọbẹ̀ ni ẹ ó padà fi sè.

Ìgbésẹ̀ kejì: okùn

Ibí ni mo máa pẹ́ sí, torí ibí ni ìrọ̀rùn wà, ibí náà sì ni àwọn tó ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wò.

Iṣẹ́ gàárì ni mo jogún. Bàbá mi ń ṣe gàárì àti ìjánu, ìyẹn la fi ń jẹun nílé wa, pàápàá tí Iléyá bá ku díẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ń múra ọdún. Bí wọ́n bá mú ẹṣin wá pé gàárì ń dà á láàmú, bàbá mi kì í wo gàárì rárá. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n á fi máa wá ẹ̀yìn ẹṣin, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n á fi rí ibi tí irun ti re. Ibi tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbà kọjá ni. Èmi náà, tí oníbàárà bá ní àpò tí òun rà ń dun òun, mo máa ń ní kó bọ́ ẹ̀wù kí n wo èjìká rẹ̀. Ìlà pupa tí okùn fà síbẹ̀ á ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀.

Níbi tó gba orí èjìká, kí okùn fẹ̀ tó íǹṣì kan àti ààbọ̀. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀ sí abíyá, ó le dín kù sí íǹṣì kan. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù á máa gé ara. Èyí tó bá sì fẹ̀ ju íǹṣì méjì lọ á máa gun ọrùn, á sì yọjú lẹ́nu kọ́là. Ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: etí tí wọ́n fá tí wọ́n sì dán á yọ̀ lábẹ́ ìka, èyí tí wọ́n gé tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa họ ara bí etí páànù. Àwọn kan máa ń fi fóòmù sábẹ́ okùn kó lè rọ̀. Èmi kì í ṣe é. Fóòmù á mu òógùn, á wú lábẹ́ kóòtù, tó bá sì di oṣù kẹta á ti máa rùn.

Lẹ́yìn, ibi tí okùn ọ̀tún àti tòsì ti pàdé, ẹ wò ó bóyá wọ́n rán wọn pa pọ̀ gan-in tàbí wọ́n fi nǹkan dè é tó lè yí. Èyí tó lè yí ni kí ẹ mú. Tí ẹ bá na ọwọ́ mú ọwọ́ ọkọ̀, okùn á tẹ̀ lé èjìká. Èyí tí wọ́n rán pa á dúró lójú kan, yóò sì wọ́ kọ́là ẹ̀wù yín lọ. Ibi ìpàdé yẹn gbọ́dọ̀ wà láàrin egungun èjìká méjèèjì, ó kéré tán ìbú ọwọ́ kan sísàlẹ̀ egungun ọrùn. Tó bá gòkè jù ú lọ, gbogbo ìwúwo á bọ́ sí ọrùn. Orí fífọ́ tí wọ́n ń lo paracetamol sí, ibẹ̀ ló ti máa ń wá nígbà míràn.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí ìbọn bá wà ní òsì tí ọ̀tún sì ṣófo, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ á máa wọ́ sósì, ẹ ó sì máa fa èjìká ọ̀tún sókè láìmọ̀. Ilé ọta Glock 19 kan tó kún jẹ́ nǹkan bí 255 gíráàmù. Ẹ kó méjì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó di 510. Kò dọ́gba pẹ̀lú 855, ṣùgbọ́n ara kò ní wọ́ mọ́. Ẹni tí wọn kò fún ní ilé ọta àfikún le fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ síbẹ̀. Mo rí ẹnì kan tó fi fóònù àti páwábáǹkì dí i, ó sì ṣiṣẹ́.

Okùn tó kẹ́yìn ni èyí tó so àpò mọ́ bẹ́líìtì ṣòkòtò. Àwọn oníbàárà máa ń ní kí n yọ ọ́ torí pé ó ń fa wàhálà nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò kí ń yọ ọ́. Tí kò bá sí, ẹ tẹ̀ síwájú báyìí, àpò á fò jáde nínú kóòtù bí agogo. Kí ó jẹ́ awọ, kó má jẹ́ rọ́bà, torí rọ́bà á dẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ìbọn dùbúlẹ̀ tàbí kó nàró?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ti ìdùbúlẹ̀, ìdí ìbọn kọjú síwájú, ẹnu rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Ó yá láti fà yọ, ara kì í sì mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ ìbọn kúkúrú nìkan ló gbà: tí ẹnu ìbọn bá gùn, á yọ gọngọ lẹ́yìn kóòtù. Nínú ti ìnàró, ẹnu ìbọn kọjú sílẹ̀. Ó gba ìbọn gígùn, ó sì dára fún ẹni tó sanra, ṣùgbọ́n ìdí ìbọn á máa sún mọ́ abíyá, fífà á yọ á sì nira díẹ̀.

Èyí ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ohun tí mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ ni ti sààfù, ìyẹn ìlà àwọn tó ń kírun. Ẹ ronú kàn án: ẹ wà lórí ìdúró nínú ìrun, èjìká kan èjìká. Ìbọn ìdùbúlẹ̀ ti kọ ẹnu sí ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ wá lọ sí rúkúù, ẹ tẹ̀ba síwájú. Àyà yín ti dojú kọlẹ̀, nítorí náà ìdí ìbọn ló ń fà lọ sílẹ̀ báyìí, okùn ẹnu àpò nìkan ló sì gbá a mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òrò gan-an nìyẹn. Ti ìnàró, ìgbà tí ẹ bá dúró kò sí wàhálà, ilẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Ní rúkúù, ẹ̀yìn ló padà kọjú sí, sààfù tó tẹ̀ lé yín. Kò sí èyí tó mọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tí iṣẹ́ kò gbé lọ sí mọ́sálásí, kí ó fi ìbọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tì í pa lọ́fíìsì kó tó ṣe àlùwàlá. Ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó dúró sí, kó kírun tirẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá gba ipò rẹ̀.

Ní tèmi, tó bá jẹ́ ìbọn kékeré, mo fara mọ́ ìdùbúlẹ̀ tó tẹ ẹnu díẹ̀ sílẹ̀. Kò ní yọ lẹ́yìn kóòtù, ẹnu rẹ̀ kò sì ní dojú kọ àyà ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àpò fúnra rẹ̀

Ibi tí wọ́n ń fi ìka fà láti yìnbọn gbọ́dọ̀ bò pátápátá. Tí ìka tàbí okùn ẹ̀wù bá lè wọ ibẹ̀ nígbà tí ìbọn wà nínú àpò, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kò sí ìdúnàádúrà lórí èyí.

Ẹnu àpò gbọ́dọ̀ le, kó má wọlé sínú bí ẹ bá yọ ìbọn. Ẹnu tó bá padé, yóò mú kí ẹ máa fi ìbọn túlẹ̀ kiri abíyá ara yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá a padà. Okùn tó dá ìbọn dúró kí bọ́tìnnì rẹ̀ dún kà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó sì jẹ́ pé àtàǹpàkò nìkan ló lè ṣí i. Ìdánwò tí mo ń lò látìgbà ti Òrò rèé: ẹ yọ gbogbo ọta, ẹ kó wọn lọ sí yàrá mìíràn, ẹ wo inú ìbọn lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣófo. Ẹ ki í sínú àpò, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lókè tìmùtìmù, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n bí ẹni gbọn àpò gàrí. Bó bá mì wọ́rọ́wọ́rọ́, kò tíì dára tó. Bó bá bọ́, àpò náà kò yege nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: awọ

Awọ ewúrẹ́ tó ń ti Ṣókótó àti Kánò wá lẹ́wà, ó rọ̀, ó sì gba àwọ̀ pupa dáadáa. Mò ń fi í bo gàárì. Fún àpò ìbọn, kò le tó, á wọlé sínú láàárín oṣù kan. Awọ màlúù tí wọ́n fi omi èso tàbí èèpo igi rẹ kó má bàa jẹrà, tó nípọn tó mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, ni kí ẹ béèrè. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́: kí ó ṣòro láti tẹ̀, kó sì padà síbi tó wà. Ti náílọ́ọ̀nù fúyẹ́, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ó máa ń mu òógùn, ẹnu rẹ̀ kì í sì le. Ike líle dára fún ìbàdí. Abẹ́ abíyá, egungun ìhà yín á sọ fún yín.

Kí awọ pẹlẹbẹ kan wà láàárín ìbọn àti ara. Òógùn ní iyọ̀, iyọ̀ sì ni í jẹ irin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: aṣọ tí ẹ fi bò ó

Agbádá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò, torí ó tóbi. Agbádá ló sì máa ń tú wọn fó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là gbayawu, tí ẹ bá sì ká a sí èjìká, bí a ṣe ń ṣe, ohun tó wà lábẹ́ abíyá ti bọ́ síta. Kàfùtáànì bò ó dáadáa, àmọ́ ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín rẹ̀ àti àpótí tí a tì pa? Ọ̀nà kankan kò sí láti fi ọwọ́ kàn án. Ohun tó ṣí níwájú ni kí ẹ wọ̀: kóòtù, wésìkóòtù gígùn, tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò dé bọ́tìnnì rẹ̀ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Kí ó fi ìwọ̀n kan tóbi ju tí tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sì gbé àpò náà lọ sọ́dọ̀ télọ̀ nígbà tí yóò bá wọ̀n yín.

Gínì funfun ọjọ́ Jímọ̀ á fi gbogbo ìlà okùn hàn. Àdìrẹ àti àǹkárá oníṣẹ́ púpọ̀ ń bo àṣírí, torí ojú á máa bá àwòrán ara wọn rìn.

Ìgbésẹ̀ keje: dídì í, kí ẹ sì wá sórí ẹní

Ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ wésìkóòtù. Ìbọn òfìfo ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ dín okùn òsì kù títí ìdí ìbọn á fi wà níbi tí igbá àyà ti parí, kó má gòkè wọ abíyá. Tí ọwọ́ òsì bá rọ̀ sílẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ bo ìbọn láìfún un pa. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ọ̀tún, kẹ́yìn okùn bẹ́líìtì, kí ìyẹn dẹ̀ tó ìka méjì. Ẹ fi bírò sàmì sí ihò tí ẹ dé e sí. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ bí a ṣe ń fà á yọ, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì sókè siwájú, torí ẹnu ìbọn á kọjá lára apá yín tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́ yín, kì í ṣe fídíò.

Ẹní wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Oníbàárà á dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á lọ sí rúkúù, á fi orí kanlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ bí ẹni gun ọ̀kadà. Á tún jókòó sórí àga kékeré fún ogún ìṣẹ́jú, kí n lè wo ibi tó máa ń fọwọ́ kàn láìmọ̀. Ibi tí ọwọ́ bá ń lọ léraléra, ibẹ̀ ló ń dùn ún, ì báà sọ pé kò dùn òun. Ọ̀gá kan bínú sí mi pé, "Àlàájì, ẹ̀yin náà fẹ́ kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún yín ni?" Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ní kó dọ̀bálẹ̀ fún ògiri. Ọlọ́pàá ti Òrò padà wá, mo rán òmíràn fún un láìgba kọ́bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ tó ìgbà mẹ́fà kó tó gbà pé ó ti tó.

Ìtọ́jú

Nílé, ẹ má fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọdé ń dàgbà lóru ọjọ́ kan, ìṣó tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó lánàá, á tó o lọ́la. Ẹ yọ ìbọn kúrò nínú àpò, ẹ tì í pa, torí awọ tó ti mu òógùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpata sí irin.

Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu ojú awọ ní alaalẹ́, ẹ fi sílẹ̀ níbòòji kó gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, á sán. Àti òrí! Gbogbo ènìyàn ní Kwara ló rò pé òrí ni oògùn awọ. Fún gàárì, ó dára, a fẹ́ kí gàárì rọ̀. Àpò ìbọn tí ẹ bá fi òrí pa á rọ̀ bákan náà, ẹnu rẹ̀ tó le á sì dẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí awọ tuntun máa ń nà, ihò tí ẹ fi bírò sàmì sí kò sì ní jẹ́ ihò tó tọ́ mọ́. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ tún dọ̀bálẹ̀.